Bí Agboolé Bá Wó, Àsmá'ù Á Pè

Àtìní, 9 Júùnù 2025

Ẹran Iléyá ò tíì tán nínú fíríìsà tí Yasir fi gbé ọ̀rọ̀ dé. Ọmọ àbúrò mi ni Yasir, òun ni mo fi ṣe mánéjà láti ìgbà tí orúnkún mi ti ń bá mi ṣe awuyewuye lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù. Ó mú ọmọbìnrin kan lẹ́yìn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Ó ní Fisáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́, òun ló máa bá wa tún Agboolé ṣe. Ọmọ náà kúnlẹ̀ dáadáa. Mo bi í pé níbo ni ilé wọn, ó ní Ògbè, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ìyàwó láti Ògbè. Yasir dijú. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ilé tí ẹ fẹ́ kó mi sí."

Ọmọ yìí máa dára.

Ilé tó fẹ́ rí náà ni Agboolé. Àsmá'ù ọmọ mi ló kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà kó tó lọ sí Kánádà, òun náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo òwò wa ló wà nínú rẹ̀: símẹ́ǹtì, irin, páànù, orúkọ àwọn oníbàárà, ibi tí lọ́rì kọ̀ọ̀kan ń kó ẹrù lọ. Bí nǹkan kan bá ṣe ibì kan nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wó lẹ́ẹ̀kan náà. Ijemo níhìn-ín ò ní lè tajà, Wásinmi ò ní lè tajà, lọ́rì tó wà ní Ewékorò ò ní mọ ibi tó máa kọrí sí. Yasir ní ó ti ń wó jù. Kò parọ́.

Fisáyọ̀ ní ohun tí òun fẹ́ ṣe ni kí òun tú u sí wẹ́wẹ́. Màíkírósáfíìsì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Kàkà kí gbogbo wọn máa gbé abẹ́ òrùlé kan, lọ́rì á ní yàrá tirẹ̀ pẹ̀lú òrùlé tirẹ̀, oníbàárà á ní tirẹ̀, ìṣirò á ní tirẹ̀, wọ́n á sì máa ránṣẹ́ síra wọn. Bí òrùlé ọ̀kan bá jò, àwọn yòókù ò ní tutù. Mo ní ó yé mi: bí orogún méjì tó ń bára wọn yodì, tí wọ́n ń fi ọmọ ránṣẹ́ láti yàrá dé yàrá. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Yasir ò rín.

Wọ́n ní kí n rò ó. Orúkọ mi, Sàlá, ló wà lórí pátákó, wọn ò lè yọ ìṣó kan lára Agboolé láìjẹ́ pé mo fẹnu sí i.

N kò sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún wọn. Bí Agboolé bá wó, Àsmá'ù nìkan ló lè gbé e dìde. Bó bá wó, Àsmá'ù á pè. Bí wọ́n bá wá tú u sí wẹ́wẹ́, tí ọmọ Ògbè yìí ń tún un ṣe fúnra rẹ̀, kí ni Àsmá'ù á tún máa pè mí fún?

Àlàmísì, 12 Júùnù

Òjò láti ìdájí. Símẹ́ǹtì tún ti gbówó lórí, wọ́n ní dísẹ̀lì ló fà á. Akínrẹ̀mí dírẹ́bà mi pè láti orí ìlà ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì ní Ewékorò, ó ní òun ti sùn, òun ti jí, òun ti tún sùn, tírélà iwájú òun ò tíì sún. Mo ní kó kúkú fẹ́yàwó síbẹ̀, kó sọ àkọ́bí rẹ̀ ní orúkọ mi.

Jímọ̀, 13 Júùnù

Àsmá'ù fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù: "Jímọ̀ olóore, Bàámi." Bó ṣe máa ń ṣe ní Jímọ̀ gbogbo nìyẹn. Mo kà á títí mo fi dé mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí Bùsírátù ìyá rẹ̀ wà láyé, òun ló máa ń pè é. Èmi á wà lẹ́yìn, màá máa pariwo pé kó bá mi kí àwọn òyìnbó, kó bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí oòrùn. Bùsírátù á ní kí n dákẹ́ kí òun gbọ́ ọ̀rọ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé àwa mẹ́ta la jọ ń jókòó sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí Bùsírátù ti lọ, kò sẹ́ni tó ń tẹ nọ́ńbà ọmọ náà mọ́ nínú ilé yìí. Ṣé èmi ni màá wá kọ́kọ́ pè é ni? Ọmọ ló ń kí bàbá. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí mo ṣe tọ́ òun náà nìyẹn.

Àtàláátà, 17 Júùnù

Bọ́tìnnì kan wà nínú Agboolé tó ń jẹ́ Gbogbo Ọdún. Àsmá'ù ló fi í síbẹ̀ fún mi, kí n lè máa rí gbogbo ọjà tí a ti tà láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà ò pọ̀ nígbà náà. Ní báyìí, bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ tí iṣẹ́ bá wọlé tán, Agboolé á gbìyànjú láti kó gbogbo ẹrù náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á mí gúlegúle, á dákú. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Mo dé fìlà aláràn-án mi. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ilé wó. Haleemah tó ń tajà fún wa ní Wásinmi pe Yasir pé nǹkan ti dúró. Yasir ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń làágùn. Àwọn tó kù jókòó sórí àpò símẹ́ǹtì, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Èmi gbé fóònù sórí itan, mò ń wò ó bí ẹní ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó. Kò pẹ́ tó fi ké.

Ojú ọmọ mi nìyẹn. Inú òkùnkùn ló wà, iná kọ̀ǹpútà nìkan ló ń tàn sí i nímú.

Mo ní, "Ṣé wọ́n ti mú iná lọ lọ́dọ̀ yín náà ni?"

Ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Bàámi. Iná wà."

"Kí ló dé tí o ò tàn án? Àbí òyìnbó ti gé wáyà rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà lọ. Bó ti ń tẹ ni mò ń rojọ́. Mo sọ fún un pé ikùn Yasir ti ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Mo sọ fún un pé ẹ̀ka igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé ti ya lulẹ̀, èyí tí òun máa ń gùn tí ìyá rẹ̀ á máa fi pankẹ́rẹ́ dúró dè é nísàlẹ̀. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi ń dá mi lóhùn. Mo ní kó gbé ohùn sókè, ó ní òun ń gbọ́ mi. Mo ń gbàdúrà lábẹ́nú pé kí iṣẹ́ náà le fún un.

Kò le tó. "Ó ti dìde, Bàámi. Ẹ máa tọ́jú ara yín." Ó ti pa á.

Wọ́n dìde lórí àpò símẹ́ǹtì, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin kan tó wá ra páànù ti kọjá sí ṣọ́ọ̀bù iwájú. Yasir ní, "Ṣé ẹ rí i, Bàbá?" Mo ní mo rí i. Ohun tí mo rí kọ́ ló ń sọ.

Sọ́ńdè, 22 Júùnù

A ṣe ìpàdé. Mo ti rò pé Fisáyọ̀ máa polówó nǹkan rẹ̀ bí ẹni tó ń ta àgúnmu nínú ọkọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò ní tàn mí. Ó ní bí òun bá tú Agboolé, dípò ohun kan ṣoṣo tí òun ń ṣọ́, ohun mẹ́fà lòun máa ṣọ́, òun nìkan. Bí yàrá lọ́rì bá ránṣẹ́ sí yàrá oníbàárà tí iṣẹ́ náà sọnù lọ́nà, ó lè pẹ́ kí èèyàn tó mọ ibi tó ti sọnù. Ó ní àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n tú tiwọn, tí wọ́n tún ń wá ẹni tó máa bá wọn mọ ọ́n padà. Yasir ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ń tà níṣojú ara rẹ̀.

Yasir náà sọ tirẹ̀, kò sì jẹ mọ́ yẹ̀yẹ́. Ó ní àwọn kọngíláá ti ń sá. Ó ní ẹni tó ń kọ́ ilé ìwé ní Wásinmi sọ fún Haleemah pé bí òun bá tún wá tí wọ́n ní kí òun dúró de Kánádà, òun ò ní wá mọ́. Ó ní èèyàn tó ń jẹun nínú ọjà yìí kúrò ní díẹ̀, Bàbá.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, lórí oníbàárà àti lọ́rì nìkan, ká wo bó ṣe máa rí. Yasir dúpẹ́ títí. Kò mọ̀ pé mò ń fi falẹ̀ ni.

Àtìní, 30 Júùnù

Mo tún tẹ̀ ẹ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ wa pẹ́ díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Òkùnkùn náà ṣì ni. Mo ní kó bá mi sọ fún wọn ní Kánádà pé jẹnẹrétọ̀ wà fún títà ní Abẹ́òkúta.

Nígbà tí mo pa fóònù, Fisáyọ̀ jókòó lódìkejì mi, ó ń jẹ bọ̀ọ̀lì.

"Ọkọ mi, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Bi mí. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, Sátidé ni."

"Fìlà yẹn. Ìgbà wo lẹ dé e?"

"Nígbà tí Àsmá'ù fẹ́ pè."

"Ẹ ti dé e kí ilé tó wó."

Mo wo títì. Màlúù kan ń kọjá, mo wò ó títí kò fi sí mọ́. Ọmọ náà ò sọ fún Yasir. Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó yẹ yín," ó bá padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Sátidé, 5 Júláì

Òjò ò jẹ́ kí n jáde. Mo rìn yí ilé ká. Àgádágodo ló ń gbé ọ̀pọ̀ yàrá inú ilé yìí báyìí. Ọmọ tí a bí síbí ti kọ́lé sí Aṣerò, òmíràn wà ní Èkó, wọ́n ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ilé, wọ́n ní géètì, ẹnì kọ̀ọ̀kan lábẹ́ òrùlé tirẹ̀. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù.

Ẹnu ọ̀nà yìí ni Àsmá'ù máa ń jókòó sí nígbà tó wà ní kékeré. Á dijú, á ní kí n má sọ̀rọ̀, á fi ìró bàtà mọ ẹni tó ń bọ̀. Kì í ṣì í. Mo yọ bàtà mi lọ́jọ́ kan, mo fi ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ó ní, "Bàámi, orúnkún yín ń dún."

Sátidé, 12 Júláì

Ọjọ́ ìdánwò nìyí. Mo ti ń rẹ́rìn-ín láti ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí.

Bàbá Kékeré télọ̀, tó ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti ń fi òkò já máńgòrò. Láàárọ̀ yìí Akínrẹ̀mí gbé lọ́rì lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó já igba àpò símẹ́ǹtì síbẹ̀, ó dí ilẹ̀kùn pa. Ọkùnrin tí kò ra ìṣó kan. Kọ̀ǹpútà ló ní kó lọ. Bàbá Kékeré bá kúnlẹ̀ láàárín símẹ́ǹtì, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní Túbọ̀sún ọmọ òun tó wà ní Pọ́ọ̀tù Hákọ́ọ̀tù ló rán an, kí òun fi parí òkè ilé. Kí n tó débẹ̀, bíríkìlà ti wà níbẹ̀, ó ń na tépù. Òjò sì ti ṣú.

Èyí ló ṣẹlẹ̀. Olúbọ̀dé, kọngíláá tó ń kọ́ ilé ìwé, ló ra símẹ́ǹtì náà lọ́wọ́ Haleemah ní Wásinmi. Àbúrò ọkọ Haleemah ni Olúbọ̀dé. Haleemah ò lè pè é lórúkọ, ilé ọkọ ló bá a. Bàbá Kékeré ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ló sì kọ ọ́. Yàrá lọ́rì wá ránṣẹ́ sí yàrá oníbàárà pé ta ni Bàbá Kékeré, yàrá oníbàárà sì mú ẹni tó kọ́kọ́ rí: télọ̀ Ijemo.

Nígbà tí mo là á yé Fisáyọ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí. Ó ní ìyá òun náà ò pe àwọn àbúrò bàbá òun lórúkọ rí, Eyínfúnjowó ni, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, òun kàn gbàgbé láti bi wá léèrè ni. Ó ní, "Báwo ni Agboolé ṣe ń ṣe é tí kì í ṣì í?"

Mo ní, "Orí ìjókòó ṣọ́ọ̀bù yìí ni Àsmá'ù dàgbà sí. Ó mọ gbogbo orúkọ tí gbogbo ìyàwó ń pe gbogbo èèyàn. Ibì kan náà ló so wọ́n mọ́, lábẹ́ ẹni tó ni wọ́n."

Mi ò lè sọ bí orí mi ṣe wú tó.

Sọ́ńdè, 13 Júláì

A kó símẹ́ǹtì kúrò kí òjò tó dé. N kò lè wo ojú Bàbá Kékeré. Mo ní kó mú àwọn àpò kan sílẹ̀ fún àtúnṣe ẹ̀yìn ilé, ó ní òun ò fẹ́ àánú. Mo ní kì í ṣe àánú, owó aṣọ tó rán fún mi nígbà tí mo fẹ́ Bùsírátù ni, mi ò san án. Ó ní òótọ́ ni, o ò san án, olè. Ó bá gbà á.

Mo bi í bóyá ojú ti í níwájú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Mo ti pè é láti dúpẹ́ kí ẹ tó dé, Sàlá. Ó ní òun kọ́ ló rán an. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. A wá ń rojọ́ títí kírédítì mi fi tán."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ pè é?"

"Ta ni ì bá pè é? Símẹ́ǹtì?"

Àtìní, 14 Júláì

Yasir wá bá mi, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun ti gbà, kí a fi Agboolé sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ti borí. Mo jẹ ẹ̀bà méjì lórí ọ̀rọ̀ náà.

Àtàláátà, 22 Júláì

Kò yẹ kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ti borí, kò sẹ́ni tó ń bá mi du nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ Àsmá'ù ò wọlé. Mo dé fìlà, mo tẹ̀ ẹ́.

Fóònù ké. Òkùnkùn náà. Mo bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́ mi, mo ní ṣé wọn ò tíì san owó iná ni. Ọmọ kékeré kan bá figbe ta. Ọmọ tirẹ̀ ni, ọmọ-ọmọ mi tí mo mọ̀ nínú fọ́tò. Ẹnì kan tan iná lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ohùn Jídé ọkọ rẹ̀ tó ní, "Ṣé ilé ló tún wó?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú ọmọ mi nínú ìmọ́lẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ó ti rù. Abẹ́ ojú rẹ̀ dúdú.

Ó ní, "Bàámi, òru ni níbí. Òru ni nígbà gbogbo tí ẹ bá ti ń rí mi."

Mo mọ̀ pé aago wọn yàtọ̀ sí tiwa. Mi ò bi í rí pé báwo ni.

Mo ní ṣebí ó lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ di ọ̀sán. Ó ní bí ilé bá wó, Agboolé máa ń ké sórí fóònù òun, òun ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kéré gan-an: "Báyẹn náà ni fóònù ké lóru tí Màámi kú. Bó bá ti ń ké báyìí, kì í ṣe Agboolé ni mo máa ń rò. Ẹ̀yin ni. Mo máa ń rò pé wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún mi ni. Yasir ti sọ ọ̀rọ̀ títú rẹ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u, Bàámi. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo ní kí wọ́n tú u."

Mo wá yẹ̀yẹ́ tí màá ṣe sí i. Mi ò rí.

Àlàrùbá, 23 Júláì

Mi ò jáde.

Jímọ̀, 25 Júláì

Mo pe Yasir àti Fisáyọ̀ lẹ́yìn ìrun. Mo ní kí wọ́n tú u. Yasir rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀, ó dúró kí n parí rẹ̀. Mo ní mo ti parí.

Mo ní ohun kan ni mo fẹ́. Orúkọ àwọn èèyàn, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Kí gbogbo orúkọ tí gbogbo èèyàn ń jẹ́ wà pa pọ̀ níbi tí Àsmá'ù so wọ́n mọ́, kí ọjà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Lọ́rì lè ní yàrá tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lè ní tirẹ̀, ìṣirò náà lè jáde. Fisáyọ̀ ronú sí i, ó ní ohun tí òun náà ì bá sọ nìyẹn bí wọ́n bá bi òun lẹ́yìn ọ̀rọ̀ télọ̀. Ilé ńlá á wà láàárín, yàrá mẹ́ta péré á wà lóde. Ìyẹn ò pọ̀ jù fún òun láti ṣọ́.

Ó ní kí ariwo bí ilé bá wó máa wá sórí fóònù òun, kí òun yọ nọ́ńbà Kánádà kúrò. Mo ní kó yọ ọ́.

Nígbà tí Yasir jáde, Fisáyọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Bọ́tìnnì yín ńkọ́, ọkọ mi?"

Mo ní, "Fún un ní yàrá tirẹ̀. Kó jìnnà sílé."

Sátidé, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n ṣí i lónìí. Fisáyọ̀ ò jókòó láti àárọ̀. Ọ̀rọ̀ kan sọnù láàárín yàrá lọ́rì àti ilé ńlá, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ó sì wá a títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó rí i. Mo ra ọsàn fún un. Haleemah kọ Bàbá Kékeré, símẹ́ǹtì sì dé ọ̀dọ̀ Olúbọ̀dé. Télọ̀ wa pè mí, ó ní òun ò rí lọ́rì kankan lónìí, ṣé kò sí nǹkan.

Àlàmísì, 28 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo dé fìlà. Mo tẹ Gbogbo Ọdún.

Yàrá ìṣirò, níbi tí wọ́n gbé bọ́tìnnì náà sí, nìkan ló wó. Ìyókù ò mọ̀. Wọ́n ń ta irin, wọ́n ń ta páànù, Akínrẹ̀mí ń fọn fèrè níta pé kí wọ́n wá bá òun já ẹrù. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àpò símẹ́ǹtì. Fisáyọ̀ fọwọ́ kan nǹkan méjì, yàrá náà dìde. Ó wò mí. Ó wo fìlà, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Fóònù wà lórí itan mi títí di Àsárì. Kò ké. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi sùn.

Jímọ̀, 29 Ọ́gọ́ọ̀sì

"Jímọ̀ olóore, Bàámi." Ó wọlé bí mo ṣe ń ṣe àlùwàlá.

Mo jókòó sí mọ́ṣáláṣí, gbogbo ìwàásù náà, Bàbá Kékeré ló wà lọ́kàn mi, òun tí kì í tilẹ̀ ṣe Mùsùlùmí. Ta ni ì bá pè é? Símẹ́ǹtì?

Mo bi Fisáyọ̀ pé bí a bá kírun Àsárì tán níbí, kí ni aago wí ní Kánádà. Ó ní àárọ̀ ni, oòrùn á ti yọ. Kò bi mí pé kí ló dé.

Mo kírun. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo tẹ nọ́ńbà náà fúnra mi. Kò ké tó ẹ̀ẹ̀kejì tó fi gbé e.

"Bàámi? Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́."

"Ṣé ara yín le? Yasir ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ tikùn tikùn. Kò sóhun tó ṣe ẹnikẹ́ni, Àsmá'ù. Mo ní kí n kí ọ ni."

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Oòrùn wà lójú fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀, kọ́tíìnì aláwọ̀ òféèfèé kan wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ pé ó ní, ọmọ-ọmọ mi wà lórí itan rẹ̀, orí ọmọ náà ń dán bíi tèmi. Àsmá'ù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ó ní, "Ẹ ò dé fìlà."

Mo fọwọ́ kan orí. Mo ti gbàgbé rẹ̀ sórí ẹní ìrun.

Mo ní ìwọ náà, aṣọ tí o wọ̀ sùn ló ṣì wà lọ́rùn rẹ, má jẹ́ kí n sọ ọ́ létí ọkọ rẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn. Ẹ̀rín Bùsírátù ni, èyí tí wọ́n máa ń gbọ́ ní òpópó kejì.

Àtìní, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà

Oòrùn. Símẹ́ǹtì ò gbówó lórí. Àsmá'ù pè. Kò sóhun tó bàjẹ́.